Iṣẹ́ wo ni ká kọ fún igbákejì olórí ìjọba? Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣòfin orílẹ̀-èdè tuntun

Tíṣà Kúbwá kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa l'Ábújá àti jákèjádò òkè Ọya. Government ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní iléèwé kan níbí ní Kúbwá. Ní táàmù yìí, mo ní kí wọ́n fúnra wọn dá orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ òfin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n sọ orílẹ̀-èdè náà ní Ọ̀dàn. Ó ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ilé aṣòfin kan ṣoṣo, àti olórí ìjọba tí àwọn aṣòfin máa yàn láàárín ara wọn, bíi tayé Tafawa Balewa. Títí débẹ̀, kò síjà. Ìgbà tí wọ́n kan igbákejì olórí ìjọba ni kíláàsì dàrú.

Apá kan ní kí wọ́n má dá ipò náà sílẹ̀ rárá, owó lásán ni yóò máa jẹ. Apá kejì ní dandan ni, ikú kì í kọ̀wé ránṣẹ́ kó tó dé. Ohun tí wọ́n wá fẹnu kò sí nìyí: "Igbákejì olórí ìjọba yóò máa ṣe iṣẹ́ tí olórí ìjọba bá yàn fún un." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, nítorí irú gbólóhùn yìí náà ló wà nínú òfin Nàìjíríà, gbogbo wa la sì rí ohun tó ń dá sílẹ̀. Ní tèmi o, kí ipò náà wà, ṣùgbọ́n kí òfin fúnra rẹ̀ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó má jẹ́ ojúrere ọ̀gá ni igbákejì á máa wò kó tó ríṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa tún un kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀rí wá. Àwọn ọmọ yìí kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́rìí.


Amòfin Garki kọ:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tẹ́ òfin 1999 sílẹ̀, kí gbogbo wa lè mọ ibi tí a dúró.

Abala 141 ní igbákejì ààrẹ gbọ́dọ̀ wà. Abala 142 ní ẹni tó bá fẹ́ díje dupò ààrẹ gbọ́dọ̀ fa ẹni tí yóò ṣe igbákejì rẹ̀ kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ òun alára kò dúró. Ó wá di abala 148, tó ní ààrẹ lè yan iṣẹ́ fún un bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, igbákejì ààrẹ rí ibì kan fẹsẹ̀ tẹ̀. Òfin fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé àpapọ̀, níbi tí gbogbo gómìnà àti gómìnà báńkì àpapọ̀ ti ń jókòó. Òun náà tún ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè. Ààrẹ tó bá ń bínú sí i kò lè gba ìwọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Igbákejì gómìnà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeni láàánú. Abala 186 dá ipò rẹ̀ sílẹ̀, abala 193 ní gómìnà lè fún un níṣẹ́ bó bá wù ú, ó tán. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí òfin 1999 ní kó ṣe alága rẹ̀. Iṣẹ́ gbé mi wọ ọ́fíìsì ọ̀kan nínú wọn rí, n ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Àwọn akọ̀wé tí mo bá níta ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nínú lọ́hùn-ún, fáìlì ìjọba kan ò sí lórí tábìlì. Ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè ni wọ́n tò síbẹ̀ lọ́jọ́ lọ́jọ́, pẹ̀lú gègé pupa tí wọ́n fi sàmì sí èyí tó máa lọ. Ọkùnrin tó kàwé ni, tó ti ṣiṣẹ́ gidi kó tó dé ipò yẹn.


Akin Gwarinpa kọ:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ohun tí Amòfin sọ yìí, ẹ̀yìn mi ló gbè sí. Ipò tí kò níṣẹ́, ẹ pa á rẹ́. Ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún igbákejì ààrẹ níhìn-ín l'Ábújá, 2010 ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, oṣù Kẹfà 2024 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹ tún ka mọ́tò, ẹ̀ṣọ́, olùrànlọ́wọ́ àti ààbò abala 308 tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pè wọ́n lẹ́jọ́, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po ìpínlẹ̀ 36.

Òfin ò ní dandan ni kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní igbákejì olórí ìjọba. Nígbà tí kòrónà gbé Boris Johnson dé ilé ìwòsàn ní oṣù Kẹrin 2020, Dominic Raab tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló dúró fún un, iṣẹ́ ń lọ. Kí Ọ̀dàn má ṣe ní igbákejì. Bí nǹkan bá ṣe olórí ìjọba, kí olórí ilé aṣòfin dì í mú títí wọ́n á fi yan ẹlòmíràn.


Ìyá Ìbejì Kàdúná kọ:

Akin ọmọ mi, o ò tíì gbé Kàdúná.

Ní oṣù Karùn-ún 2010, Yar'Adua kú, Jonathan di ààrẹ, ó sì mú gómìnà wa, Namadi Sambo, lọ ṣe igbákejì rẹ̀. Patrick Yakowa tó jẹ́ igbákejì gómìnà búra wọlé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2012, hẹlikọ́pítà já ní Bayelsa, Yakowa wà nínú rẹ̀, ó kú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n búra fún Mukhtar Ramalan Yero tó jẹ́ igbákejì. Ọdún mẹ́ta kò pé, a ti rí gómìnà mẹ́ta. Ìlú wo lẹ rò pé mò ń sọ? Ìlú tí wọ́n ti para wọn ní 2000 nítorí ẹ̀sìn, tí iná tún sọ lẹ́yìn ìbò 2011. Kristẹni ni Yakowa, Mùsùlùmí ni Yero. Gbogbo wa là ń dá èémí dúró.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà àárín ìlú nígbà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣí. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Zaria, ló fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ó ní wọ́n ti búra fún un, kí la tún ń retí? Ó gbé páànù ìlẹ̀kùn rẹ̀ sókè, àwa yòókù náà ṣí tiwa. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ta ló kàn, torí a ti mọ ẹni tó kàn láti ọjọ́ tí a ti dìbò.

Ní ti olórí ilé aṣòfin tí o dárúkọ, bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1981 lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹgbẹ́ PRP ni Balarabe Musa fi wọlé ní Kàdúná, ṣùgbọ́n NPN ló pọ̀ jù nílé aṣòfin. Ní oṣù Kẹfà 1981 wọ́n yọ ọ́. Abba Musa Rimi, igbákejì rẹ̀, ló gorí àga, ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ PRP tí ará ìlú dìbò fún. Bó bá jẹ́ olórí ilé aṣòfin ló ń gbà á, ẹgbẹ́ tó pàdánù ìbò gómìnà ni ì bá fọgbọ́n gba ìjọba.


Akin Gwarinpa kọ:

Màmá, mo gbọ́ ti 1981 yẹn, ó lágbára. Ṣùgbọ́n ìjọba alààrẹ àti gómìnà lẹ ń sọ. Ti Ọ̀dàn yàtọ̀, láti inú ilé aṣòfin ni olórí ìjọba ti ń wá. Ẹni tó bá ní ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ló ń ṣèjọba. Kí ló dé tí ẹnì kan á fi dúró bí àrólé?


Bàbá Kárù kọ:

Ọ̀rọ̀ Akin ti délé báyìí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Kàdúná ni mo sì ti ṣe kékeré. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní oṣù Kìíní 1966.

Irú ìjọba tí àwọn ọmọ Tíṣà yàn yìí náà la ń ṣe nígbà yẹn. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 15, àwọn ọmọ ogun wá gbé Tafawa Balewa lọ nílé rẹ̀ l'Ékòó. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó wà láàyè tàbí ó ti kú. Ààrẹ Azikiwe ò sí nílé, Nwafor Orizu tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin àgbà ló ń ṣe adelé rẹ̀. Ní ìjọba àpapọ̀, kò sí ẹni tó ń jẹ́ igbákejì olórí ìjọba. Àwọn mínísítà tó kù kóra jọ, ti ẹgbẹ́ NPC fẹ́ kí Zanna Bukar Dipcharima, mínísítà ètò ìrìnnà, ọmọ Borno, dúró gẹ́gẹ́ bí adelé. Ọwọ́ Orizu ni ìbúra wà, kò sì búra fún un. Wákàtí ń lọ. Nígbà tó fi di alẹ́ ọjọ́ 16, wọ́n gbé ìjọba lé Ọ̀gágun Ironsi lọ́wọ́, Orizu ló kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni sójà fi jókòó sórí ohun tí wọ́n gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

N ò sọ pé igbákejì ì bá dá ìbọn dúró o. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní igbákejì olórí ìjọba tirẹ̀, Remi Fani-Kayode ni. Àwọn ọmọ ogun yẹn mú un n'Íbàdàn, wọ́n gbé e lọ sí Èkó, ó bọ́, ṣùgbọ́n ìjọba tó yẹ kó di mú lẹ́yìn Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà tí wọ́n pa, ti lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé láàárín àárọ̀ ọjọ́ 15 sí alẹ́ ọjọ́ 16, ìjọba àpapọ̀ kò lẹ́ni tó lè sọ pé, "Èmi ni, ẹ gbọ́ tèmi." Wọ́n jókòó, wọ́n ń jiyàn ẹni tó kàn. Akin, o ní kí ilé aṣòfin yan ẹlòmíràn bí nǹkan bá ṣe olórí ìjọba. Ìgbà tí ara bá tu gbogbo ènìyàn ni ìyẹn ń ṣeé ṣe.

Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá tó bí mi. Ọ̀kan lára ohun tí mo fẹ́ràn nínú oyè wa ni pé láti ìgbà tí ènìyàn bá ti bọ́ sórí àkàsọ̀ oyè Olúbàdàn ló ti mọ ẹni tó wà níwájú òun àti ẹni tó wà lẹ́yìn. Ọba lè wàjà lóru, ìlú kì í sá kiri wá ẹni tó kàn.


Amòfin Garki kọ:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Akin, àárín méjèèjì wà, àwọn kan sì ti tọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejìlá 1967, Harold Holt, olórí ìjọba Ọsirélíà, wọ òkun lọ lúwẹ̀ẹ́, wọn ò rí i mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n búra fún John McEwen, tó ń ṣe bí igbákejì rẹ̀. Ó di ìjọba mú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù fi yan John Gorton, ó sì gbé e fún un. Kò jẹ́ àrólé, ìjọba ò sì ṣófo. Ní Ethiopia, nígbà tí Meles Zenawi kú ní oṣù Kẹjọ 2012, Hailemariam Desalegn tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ló ṣe adelé, ẹgbẹ́ wọn wá yàn án ní tòótọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ tún fọkàn sí èyí: Hailemariam yẹn kan náà ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ó mọ inú ìjọba.


Akin Gwarinpa kọ:

Èyí tó ní iṣẹ́ mínísítà lọ́wọ́ yẹn ni mo lè fara mọ́. Kí òfin sọ pé igbákejì gbọ́dọ̀ di ilé iṣẹ́ ìjọba kan mú, kó má ní ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń to ìwé ìgbéyàwó sí.


Ọmọ Okun kọ:

Ẹ kú ìjíròrò o, láti Lọ́kọ́ja. Ẹ̀ ń sọ ti ẹni tó ti búra. Ta ló máa sọ ti ẹni tí ikú bá láàárín ìbò àti ìbúra? Àwa Okun ò tíì gbàgbé.

Ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 2015 la dìbò gómìnà ní Kogi. Abubakar Audu ti APC ní ìbò 240,867, Idris Wada ti PDP ní 199,514. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41,353. Àjọ elétò ìdìbò ní ìbò ò tíì parí, torí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti wọ́gi lé ìbò jẹ́ 49,953. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀yí lọ́wọ́ ni Audu kú. James Faleke, ọmọ wa láti Ẹ̀kìnrìn-Àdè, ni wọ́n jọ díje, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Audu lọ́jọ́ tí a tẹ̀ka. Abala 181 ní bí gómìnà tí wọ́n ti dìbò yàn bá kú kó tó búra, igbákejì tí wọ́n jọ yàn ni kí wọ́n búra fún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbò ò parí, nítorí náà kò tíì sí ẹni tí a yàn. Ẹgbẹ́ mú Yahaya Bello tó ṣe ipò kejì nínú ìbò abẹ́lé, wọ́n fi rọ́pò olóògbé, wọ́n dìbò àfikún ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, òun ló sì búra ní oṣù Kìíní 2016. Faleke gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n dá a nù lọ́dún yẹn.

Ilé ẹjọ́ ti sọ tirẹ̀, n ò bá adájọ́ jà. Ṣùgbọ́n bàbá mi àgbà tó rìn dé ibùdó ìdìbò ní Kábbà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ bi mí pé, "Orúkọ méjì ni mo tẹ̀ka fún, ọ̀kan kú, kí ló ṣe èkejì?" N ò rí èsì fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, a ò tíì dìbò yan ọmọ Okun kankan sípò gómìnà rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà la wà lọ́jọ́ yẹn.

Tíṣà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n kọ ọ́ yanjú: láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ti tẹ́ orúkọ olórí ìjọba àti igbákejì rẹ̀ síwájú ilé, ìṣẹ̀lẹ̀ yòówù kó ṣe ọ̀kan, ẹ̀tọ́ èkejì ò gbọdọ̀ sọnù.


Ìyá Ìbejì Kàdúná kọ:

Ọmọ Okun, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìbéèrè Bàbá yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.


Ọmọ Ọ̀fà ní Jàlíńgò kọ:

Taraba tí mo ń gbé náà lẹ́kọ̀ọ́ nínú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2012, ilé aṣòfin yọ igbákejì gómìnà, Sani Abubakar Danladi, wọ́n sì fi Garba Umar rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù yẹn kan náà, bàálù kékeré tí Gómìnà Danbaba Suntai fúnra rẹ̀ ń wà já nítòsí Yola. Kò kú, ṣùgbọ́n kò gbádùn mọ́. Umar di adelé. Ní oṣù Kẹjọ 2013 wọ́n gbé Suntai padà wálé láti òkèèrè. Àwa tí a dúró sẹ́bàá ọ̀nà rí i bí wọ́n ṣe dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan ní ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan ní kò lè dá sọ̀rọ̀. Ìlú pín sí méjì. Ilé aṣòfin ní kí Umar máa bá a lọ. Ó wá di oṣù Kọkànlá 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ Danladi ò bófin mu, kí ó padà sípò rẹ̀. Ó padà, ó sì di adelé gómìnà. Ọdún méjì gbáko lẹni tí òfin mọ̀ fi wà nílé, tí ẹni tí òfin ò mọ̀ ń fọwọ́ sí ìwé ìṣúná wa.

Ìbéèrè mi nìyí: ní Ọ̀dàn, ta ló máa sọ pé ara olórí ìjọba ò gbé iṣẹ́ mọ́?


Tíṣà Kúbwá kọ:

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí, kíláàsì mi ò tíì ronú débẹ̀ rárá. Amòfin, ẹ bá wa sọ ọ́.


Amòfin Garki kọ:

Abala 144 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ààrẹ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, dókítà márùn-ún tí olórí ilé aṣòfin àgbà bá yàn, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dókítà ààrẹ fúnra rẹ̀, yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ààrẹ ló yan àwọn mínísítà, ta ni nínú wọn ló fẹ́ kọ́kọ́ nawọ́?

Gbogbo wa tí a wà l'Ábújá la rí i. Yar'Adua lọ sí Saudi Arabia ní oṣù Kọkànlá 2009, kò kọ̀wé sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2010 ni ilé aṣòfin méjèèjì tó ṣèpinnu pé kí Jonathan máa ṣe adelé, bẹ́ẹ̀ òfin ò fún wọn lágbára yẹn ní tààrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tún abala 145 ṣe: bí ọjọ́ 21 bá pé tí ààrẹ ò lè kọ̀wé tàbí tó kọ̀ láti kọ ọ́, ilé aṣòfin yóò fa àṣẹ lé igbákejì lọ́wọ́. Wọ́n tún abala 190 ṣe bákan náà fún àwọn gómìnà. Ọjọ́ 21 yẹn ni kí Ọ̀dàn mú, tàbí kí wọ́n dín in kù. Kí ìpinnu sì wà lọ́wọ́ ilé aṣòfin àti àwọn dókítà tí olórí ìjọba ò yàn.

Ẹ tún wo ìyàtọ̀ tó wà nígbà tí ọ̀gá bá kọ̀wé. Ní oṣù Karùn-ún 2017 tí Buhari lọ tọ́jú ara, ó kọ̀wé, Oṣinbajo ṣe adelé títí di oṣù Kẹjọ, òun ló fọwọ́ sí ìwé ìṣúná ọdún yẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ò bèèrè pé ta ló ń pàṣẹ.


Bàbá Kárù kọ:

Ó ku yíyọ nípò. Ẹ má fi sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ igbákejì jù.

Ní oṣù Kẹwàá 2019, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tó wádìí Simon Achuba, igbákejì gómìnà Kogi, ní wọn ò rí ẹ̀sùn kan tó dúró. Òfin ní bí ìgbìmọ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ilé aṣòfin yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ní Zamfara, gómìnà fi PDP sílẹ̀ lọ sí APC ní 2021, igbákejì rẹ̀, Mahdi Aliyu Gusau, kò bá a lọ. Oṣù Kejì 2022 ni wọ́n yọ òun náà. Ní Kánò, Hafiz Abubakar ò dúró dìgbà tí wọ́n máa yọ òun, ó fúnra rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2018. Atiku, igbákejì Ààrẹ Ọbásanjọ́, ni ilé ẹjọ́ gbà sílẹ̀. Nígbà tó bọ́ sí ẹgbẹ́ AC, Ọbásanjọ́ ní ipò rẹ̀ ti ṣófo, ní 2007 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ààrẹ ò lágbára bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ilé aṣòfin nìkan ló wà.

Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀gá lè yọ òun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kò lè la ẹnu sọ òótọ́ fún un. Bí ẹ bá fún igbákejì níṣẹ́ tí ẹ ò dáàbò bo ipò rẹ̀, ẹ ò tíì fún un ní nǹkan kan.


Ìyá Ìbejì Kàdúná kọ:

Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì yẹn gbọ́ èyí. Láti 2019 ni Dókítà Hadiza Balarabe ti ń ṣe igbákejì gómìnà níbí, obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sípò náà níbí ni. Nígbà tí kòrónà mú El-Rufai ní 2020, tó sé ara rẹ̀ mọ́lé, òun ló ń darí ètò lórí ìséde, a ń rí i lójú pópó. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Síbẹ̀, nílẹ̀ wa, kò tíì sí obìnrin tí a dìbò yàn sípò gómìnà. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tu obìnrin nínú, ipò igbákejì ni wọ́n á nà sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ tu ẹ̀yà kékeré tàbí ẹlẹ́sìn kejì nínú, òun náà ni. Bí ipò náà ò bá níṣẹ́, ẹ̀tàn ni wọ́n ń fún wọn. Ìdí tí mo fi fara mọ́ Tíṣà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí òfin kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀.


Tíṣà Kúbwá kọ:

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ṣe àbá kan, ẹ wò ó kí n tó gbé e lọ:

"Ẹni tó bá fẹ́ di olórí ìjọba Ọ̀dàn yóò tẹ́ orúkọ ara rẹ̀ àti ti igbákejì rẹ̀ síwájú ilé aṣòfin pọ̀, ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n máa dì fún àwọn méjèèjì. Bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan kó tó búra, èkejì yóò búra. Igbákejì yóò di ilé iṣẹ́ ìjọba kan mú, yóò sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń jókòó. Bí olórí ìjọba bá kú, tó fipò sílẹ̀, tàbí tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ 14 láìkọ̀wé, igbákejì yóò di ìjọba mú lójú ẹsẹ̀. Bí ipò bá ṣófo pátápátá, ilé yóò yan olórí ìjọba tuntun láàárín ọjọ́ 30, igbákejì náà sì lè díje. Olórí ìjọba kò lè yọ igbákejì. Bí ìgbìmọ̀ olùwádìí bá ní kò jẹ̀bi, ilé kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde mọ́."


Akin Gwarinpa kọ:

Mo fọwọ́ sí i, ẹ sáà fi kún un pé owó ọkọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti mínísítà yòókù lọ.


Ọmọ Okun kọ:

Ó dára gan-an. Àlàfo kan ló kù: bí méjèèjì bá wà nínú bàálù kan náà ńkọ́?


Amòfin Garki kọ:

Ìbéèrè gidi. Tiwa ní abala 146 ni pé bí ààrẹ àti igbákejì ò bá sí, olórí ilé aṣòfin àgbà á dì í mú, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, wọ́n á sì dìbò. Ní ìpínlẹ̀, abala 191 fi olórí ilé aṣòfin síbẹ̀. Tíṣà, ẹ lè fi ti Ọ̀dàn sí ọjọ́ 30 náà, kí ẹ sì fi kún un pé ẹni tó bá di í mú lọ́nà yìí kò gbọdọ̀ díje, torí Adamawa 2014: wọ́n yọ Gómìnà Nyako, wọ́n ní igbákejì rẹ̀, Bala Ngilari, ti fipò sílẹ̀, Fintiri tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin ṣe adelé, ó sì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ láti díje. Ọjọ́ díẹ̀ sí ìbò ni ilé ẹjọ́ ní Ngilari ò tíì fipò sílẹ̀ lójú òfin, kí wọ́n búra fún un.


Tíṣà Kúbwá kọ:

Mo ti kọ ọ́ sínú rẹ̀, àti ti Akin náà. Amòfin, ṣé ẹ lè yọjú sí kíláàsì lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá? Wọ́n á bi yín ní ìbéèrè tó pọ̀ o.


Amòfin Garki kọ:

Mo ní ẹjọ́ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá lè sún un sí aago méjìlá, mo ń bọ̀. Ẹ fi àdúgbò iléèwé ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.